Mo fẹ́ fi taekwondo sílẹ̀ kí n gbájú mọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ayọ̀_Bódìjà

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ọ̀dọ́ inú ilé yìí. Ìbàdàn ni mò ń gbé, ọmọ ọdún 23 ni mí. Kékeré ni mo ti bẹ̀rẹ̀ taekwondo, ìjà àwọn ará Kòríà tí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ ta ìpá jù. Mo ti gba bẹ́líìtì dúdú, mo ti ṣojú yunifásítì mi níbi ìdíje, mo sì ń bá ọ̀gá mi kọ́ àwọn ọmọdé lọ́jọ́ Sátidé. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tí mo bá jà.

Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún kan báyìí tí ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ti gbà mí lọ́kàn. Mo máa ń yà sọ́dọ̀ àwọn akànṣẹ́ kan nítòsí ibi iṣẹ́ mi. Wọ́n fún mi ní ìbọ̀wọ́, wọ́n jẹ́ kí n kan àpò, wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ju jáàbù, ẹ̀ṣẹ́ kíákíá tí wọ́n ń fi ọwọ́ iwájú kàn. Ní báyìí, bí mo bá wà ní kíláàsì taekwondo, ọwọ́ ni mò ń rò. Bí mo bá sùn, ọwọ́ ni mò ń lá lálàá.

Ohun mẹ́ta ló ń dà mí láàmú. Ṣé mo lè máa ṣe méjèèjì pọ̀, àbí kí n fi ọ̀kan sílẹ̀ pátápátá? Kí ni ara mi máa bá pàdé lọ́hùn-ún tí mi ò retí? Ẹ̀kẹta ló wúwo jù, òun ni ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi. Nígbà tí bàbá mi ò rí owó san mọ́, ọkùnrin yìí ò lé mi. Òun ló ra aṣọ ìdánrawò fún mi, òun ló ń sanwó ọkọ̀ mi lọ síbi ìdíje. Báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu sọ fún un pé mò ń lọ?

ỌmọṢàgámù_London

Àbúrò, kú iṣẹ́. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kúrò nílẹ̀, torí ẹnì kan máa tó sọ pé o ti dàgbà jù. Anthony Joshua, tí ìdílé rẹ̀ jẹ́ ará Ṣàgámù bíi tèmi, ti pé ọmọ ọdún 18 kí ìbátan rẹ̀ tó mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn akànṣẹ́ ní Finchley, àríwá London níbí. Ọdún 2007 nìyẹn. Ní 2012 ó gba wúrà Òlíńpíìkì nínú ìlú kan náà tó ti kọ́ ọ. Deontay Wilder ti Amẹ́ríkà pé ogún ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀, ó sì gba idẹ ní Beijing lọ́dún 2008. Òfin ìdíje àwọn àgbà tí kì í kan ẹ̀ṣẹ́ fún owó gba èèyàn láyè láti ọmọ ọdún 19 títí dé 40.

Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn ọ́. Àwọn méjèèjì tí mo dárúkọ yìí, nínú àwọn ìwọ̀n tó wúwo jù ni wọ́n wà, àwọn tó ń díje níbẹ̀ kì í pọ̀ tó ti àwọn tó fúyẹ́. Nínú ìwọ̀n tìrẹ, o máa bá ọmọ tó ti ń kan ẹ̀ṣẹ́ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. O lè lé wọn bá, àmọ́ o gbọ́dọ̀ mọ̀ pé wọ́n wà níwájú.

Bẹ́líìtìDúdú_Ìfẹ̀

Èmi ò ní sọ ohun tó máa dùn mọ́ ọ nínú. Ayọ̀, má lọ.

Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ni ní taekwondo, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ bíi tìrẹ. Ẹni tó ti gba bẹ́líìtì dúdú, tó ti ń kọ́ ọmọdé, tó yẹ kó gba ipò wa lọ́la, òun gan-an ló máa ń rí nǹkan mìíràn. Ta ló máa kù? Chika Chukwumerije gba idẹ fún Nàìjíríà ní Beijing lọ́dún 2008 nínú taekwondo. Ní Rio lọ́dún 2016, Cheick Cissé ọmọ Côte d'Ivoire ń fìdí rẹmi títí aago fi fẹ́ lu òdo. Ó yí ara po, ó ta ìpá lu Lutalo Muhammad ti Bìrìtìkó lórí, àmì ẹ̀yẹ wúrà àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ máa gbà ní Òlíńpíìkì látìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ nìyẹn. Ruth Gbagbi, obìnrin ilẹ̀ wọn, gba idẹ níbi ìdíje kan náà. Àwọn tí wọ́n ń gbé ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà níbí bíi tiwa ni wọ́n.

Kí lo ń wá tí taekwondo ò ní?

Ayọ̀_Bódìjà

Ọ̀gá Ìfẹ̀, ẹ ṣé tí ẹ sọ òótọ́ inú yín fún mi. Ẹ má bínú sí èsì mi.

Mo nífẹ̀ẹ́ taekwondo síbẹ̀. Ibi tí ìdíje rẹ̀ gbà lọ ni ọkàn mi ti kúrò. Òfin ò gbà kí a kan ẹ̀ṣẹ́ mọ́ ẹnikẹ́ni lójú. Ẹ̀ṣẹ́ tó bá bá àyà, àmì 1 péré. Ìpá sára jẹ́ 2, sórí jẹ́ 3. Bí èèyàn bá yí po kó tó ta á, 4 tàbí 5. Ta ló fẹ́ máa lo ọwọ́? Láti ìgbà tí aṣọ àyà àti ìbọ̀sẹ̀ tó ń fi àmì ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ti dé, ọ̀pọ̀ ìjà ti di kí a gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè, kí a máa fi tọ ara wa ní ìhà títí nǹkan yóò fi dún. Mo mọ̀ ọ́n ṣe, mo ti fi borí. Bí mo bá borí báyìí, inú mi kì í dùn mọ́. Bí mo bá kan àpò tán nírọ̀lẹ́, inú mi máa ń dùn di ọjọ́ kejì.

KóòṣìMushin

Ayọ̀, mo ti gba àwọn ọmọ taekwondo sínú jíìmù mi, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ohun tí mò ń rí lára wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, torí náà mo lè sọ ohun tó ń dúró dè ọ́.

Ọwọ́ rẹ kò ní gbé sókè. Ẹni tí wọn kì í kàn lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lójú kò rí ìdí tó fi máa bo ojú, nítorí náà ọwọ́ yín máa ń rọ̀ sí ìbàdí. Bí mo bá pariwo pé "gbọ́wọ́ sókè!", ọmọ náà á gbé e. Ìṣẹ́jú méjì ni ráúndì kan nínú taekwondo, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni tiwa. Ìṣẹ́jú kẹta yẹn ni àṣírí máa ń tú: èémí á kúrú, ọwọ́ á padà síbi tó ti mọ́ ọn lára láti kékeré, wọ́n á sì kàn án lójú. Ariwo mi kò lè tún ìyẹn ṣe. Mo máa ń ní kí wọ́n fi àgbọ̀n di bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì mọ́ àyà, kí wọ́n sì máa kan afẹ́fẹ́ lẹ́ṣẹ̀ẹ́ níwájú dígí láìjẹ́ kó bọ́. Mo ń ṣe é fún wọn lóṣù dé oṣù.

Ẹ tún máa ń kọ ẹ̀gbẹ́ sí ẹni tí ẹ ń bá jà kí àyà má baà hàn. Lọ́dọ̀ wa, bí o bá dúró báyẹn, ọwọ́ ẹ̀yìn rẹ ti jìnnà síbi iṣẹ́. Ẹni tó bá sì rìn gba ìta ẹsẹ̀ iwájú rẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lẹ́yìn rẹ. Àwọn kan nínú yín á wá yí ẹ̀yìn padà pátápátá bí ẹ̀ṣẹ́ bá ń rọ̀, torí pé ara yín rò pé ìpá ìyípo ló kàn. Réfírí á kìlọ̀ fún ọ, torí òfin wa kò gbà á.

Èyí tó burú jù ni ẹ̀yìn títẹ̀. Bí ìpá bá ń bọ̀ lójú, ẹ óò tẹ ara sẹ́yìn kó kọjá. Ọgbọ́n gidi ni, torí ẹsẹ̀ tó ti lọ kì í tètè padà. Ọwọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. O tẹ̀yìn fún jáàbù, ọ̀tún ti ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àgbọ̀n rẹ wà lókè, ọrùn rẹ nà, gbogbo ìwọ̀n ara rẹ sì wà lórí gìgísẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé èèyàn ṣubú. Kí ẹnikẹ́ni má fi Muhammad Ali dá mi lóhùn. Òótọ́ ni pé Ali ń ṣe é, ojú àti ẹsẹ̀ tó fi ń ṣe é kì í ṣe ohun tí mo lè kọ́ ọmọ kankan ní Mushin.

Ìfò náà wà ńbẹ̀. Ẹ máa ń fò pọ́n-ún pọ́n-ún ṣáá. Ilẹ̀ ni agbára ẹ̀ṣẹ́ ti ń wá, ó ń gba orúnkún, ó ń gba ìbàdí, kó tó dé èjìká. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lófuurufú nígbà tó ń kan ẹ̀ṣẹ́, ọwọ́ nìkan ló jù.

Mo ti ka àìsàn tán, ó yẹ kí n sọ ìlera. O ti mọ bí a ti ń wọn àyè láàárín ara ẹni àti ọ̀tá. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ mi láti òdo máa ń lo àkókò gígùn kó tó mọ ìyẹn. Iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ ń ṣe ni jáàbù ń ṣe. Ìbàdí rẹ mọ bí a ti ń yí. O ti dúró níwájú àwọn adájọ́ rí, ẹ̀rù ò ní mú ọ bí ẹni tí kò díje rí. Bàbá akànṣẹ́ Vasyl Lomachenko yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn fún ọdún díẹ̀ ní kékeré kó lọ kọ́ ijó ìbílẹ̀ Ukraine, gbogbo ayé ló sì rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lónìí. Ohun tí èèyàn kọ́ níbòmíràn kì í ṣòfò tí kóòṣì bá mọ bó ṣe máa lò ó.

Lórí ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́: rárá, má ṣe méjèèjì pọ̀. Ó kéré tán kí ọdún kan kọjá ná. Bó bá ti rẹ ara, ohun tó kọ́kọ́ mọ̀ ló ń ṣe. Bí o bá lọ fún ara ní taekwondo lọ́jọ́ Sátidé, ohun tí mo tú palẹ̀ láti ọjọ́ Ajé ni o lọ ń tò padà.

Bísí_Jáàbù

Ẹ kú iṣẹ́, Kóòṣì. Ayọ̀, ọ̀nà tí o fẹ́ gbà yìí ni mo gbà, Abẹ́òkúta ni mo ti ṣe é. Gbogbo ohun tí Kóòṣì kà sílẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí mi. Ohun tí wọn ò sọ ni mo fẹ́ fi kún un.

Àkọ́kọ́ ni bí èèyàn ṣe máa ń sún mọ́ra. Nínú taekwondo, bí a bá ti fara kan ara, a ó dì mọ́ra, réfírí á yà wá, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, ibi tí a ti ń dúró de réfírí yẹn gan-an ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Wàá máa gbọ́ èémí ẹni tó wà níwájú rẹ, òógùn rẹ̀ á máa kán sí ọ lára, ẹ̀ṣẹ́ á máa gba ìsàlẹ̀ bọ̀ síbi tí ojú rẹ ò rí. Gbogbo ìgbà ni mo ń fẹ́ sá jáde lọ síbi tí ẹsẹ̀ mi ti lè ṣiṣẹ́, okùn ríìngì sì wà lẹ́yìn mi. Olùkọ́ mi so èmi àti ọmọbìnrin kan pọ̀ ní ìbàdí pẹ̀lú okùn kúkúrú, ó ní kí a máa kan ara wa ní ìkùn jẹ́jẹ́. Mo kórìíra rẹ̀. Òun ló wò mí sàn.

Ẹ̀kejì ni imú. Wọ́n á kàn ọ́ ní imú, omijé á dà lójú rẹ láìjẹ́ pé o fẹ́ sunkún. Ẹni tó ń kàn ọ́ lè jẹ́ ọmọ tí kò tíì ṣe nǹkan kan láyé, ìwọ ni bẹ́líìtì dúdú. Lọ́jọ́ yẹn ni wàá mọ̀ bóyá ẹ̀ṣẹ́ kíkàn lo fẹ́ ní tòótọ́ àbí ìró àpò ni o fẹ́. Mo mọ̀ pé èmi fẹ́ ẹ torí pé mo padà lọ.

Ẹ̀kẹta, tọ́jú ọwọ́ rẹ. Egungun ẹsẹ̀ wa ti le, ti ọwọ́ wa ò tíì le. Kọ́ bí wọ́n ti ń wé báńdéèjì gba àárín ìka àti ọrùn ọwọ́ kí o tó kọ́ ohunkóhun mìíràn. Má kan àpò tó le pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ títí ọrùn ọwọ́ rẹ á fi dúró ṣinṣin. Ìbọ̀wọ́ 16 ọ́ńsì ni kí o máa fi bá èèyàn dánra wò.

Mo gbìyànjú láti ṣe méjèèjì. Taekwondo lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀ṣẹ́ lọ́jọ́bọ. Mo di ẹni tí kò tó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ níhìn-ín, tí kò sì gòkè lọ́hùn-ún. Ìgbà tí mo fi ọ̀kan sílẹ̀ ni ọwọ́ mi wá gbé sókè.

Káyọ̀dé_Houston

Ẹ dákun, kí ló dé tí kò sẹ́ni tó dárúkọ kickboxing, ìjà tí wọ́n ti ń kan ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n sì ń ta ìpá? Ọmọ tó ti ní ẹsẹ̀ tó dára báyìí, ẹ fẹ́ kó gé e sọnù. Ẹ wo Israel Adesanya. Èkó ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1989, taekwondo ló kọ́kọ́ ṣe níbẹ̀ lọ́mọdé kí ìyá rẹ̀ tó yọ ọ́ kúrò nígbà tó ṣèṣe. Ìdílé wọn kó lọ sí New Zealand, ibẹ̀ ló ti bọ́ sínú kickboxing, ó jà káàkiri Ṣáínà, ó tún kan ẹ̀ṣẹ́ lásán díẹ̀, ó sì di olúborí UFC, àjọ ìjà àdàlù, nínú ìwọ̀n àárín lọ́dún 2019. Ó lo ọwọ́, ó lo ẹsẹ̀. Àwọn Hausa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú dambe, ìjà ìbílẹ̀ wọn: wọ́n ń fi okùn wé ọwọ́ kan tí wọ́n fi ń kàn, ẹsẹ̀ sì wà níbẹ̀. Vitali Klitschko pàápàá, kickboxing ló ti wá kó tó di olúborí ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Ayọ̀ ò nílò láti ju ogún rẹ̀ nù.

KóòṣìMushin

Káyọ̀dé, ìmọ̀ràn rere ni fún ẹni tó bá fẹ́ máa ta ìpá. Tún ohun tí ọmọ yìí kọ kà. Ọwọ́ ló ń lá lálàá. Àti pé gbogbo àwọn tí o dárúkọ yẹn, ibi tí wọ́n bá bọ́ sí ni wọ́n ń wọ̀ tán. Nígbà tí Klitschko dé inú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, kò tún padà lọ ń ta ìpá.

Káyọ̀dé_Houston

Mo gbà bẹ́ẹ̀, Kóòṣì. Àmọ́ kó mọ̀ pé ilẹ̀kùn yẹn wà ní ṣíṣí, bí ẹ̀ṣẹ́ lásán kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn lẹ́yìn ọdún méjì mẹ́ta.

Nọ́ọ̀sì_Títí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè. Mi ò wá dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ, ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ń dùn mí bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń wọ inú eré yìí láìbéèrè nǹkan kan.

Ayọ̀, o ti gba ìpá lórí rí nínú taekwondo, mo mọ̀. Àmọ́ nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, orí ni wọ́n ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́ ńlá tó gbé èèyàn ṣubú nìkan ló ń ba ọpọlọ jẹ́. Àwọn kéékèèké tí èèyàn ń gbà lójoojúmọ́ níbi ìdánrawò máa ń jọ pọ̀ sára, ìyà wọn lè má hàn títí ọ̀pọ̀ ọdún. Ìborí tó nípọn ń gba awọ lọ́wọ́ ọgbẹ́, kò lè dá ọpọlọ dúró kó má mì nínú agbárí. Láti ọdún 2013 ni wọ́n ti mú un kúrò lórí àwọn ọkùnrin àgbà nínú ìdíje, torí náà má gbé ọkàn lé e.

Kí o tó san owó ìforúkọsílẹ̀, bi kóòṣì tí o fẹ́ lọ bá: ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń jà ìjà líle níbi ìdánrawò? Bí ẹnì kan bá gba ẹ̀ṣẹ́ tó mú ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ṣé wọ́n ń dá a dúró lọ́jọ́ náà, àbí wọ́n ń pè é ní ọ̀lẹ? Ṣé dókítà máa ń wà níbi ìdíje? Bí èsì rẹ̀ kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, wá ibòmíràn.

Bí orí bá ń fọ́ ọ lẹ́yìn ìdánrawò tí kò sì lọ, bí o bá ń bì, bí òòyì bá ń kọ́ ọ, bí oorun bá ń kùn ọ́ ju bó ṣe yẹ, bí o kò bá rántí ohun tó ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí o gbà lọ. Kí ẹnikẹ́ni má fún ọ ní oògùn orí fífọ́ kó ní kí o padà sínú ríìngì.

KóòṣìMushin

Àǹtí Títí, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Kí gbogbo kóòṣì tó ń ka èyí ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀. Lọ́dọ̀ tèmi, ọmọ tuntun kì í bá ẹnikẹ́ni ja ìjà líle ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Ẹni tí kò bá lè dúró dè é, kó máa lọ.

Alàgbà_Mókọ́lá

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àpérò. Ayọ̀, ṣé o mọ̀ pé ìlú rẹ ni wọ́n ti ja ìjà olúborí àgbáyé àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà àwọn aláwọ̀ dúdú? Ní August 10, ọdún 1963, ní Liberty Stadium tí wọ́n ń pè ní pápá ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí, Dick Tiger ọmọ Nàìjíríà na Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà títí ó fi jókòó sí igun rẹ̀ lẹ́yìn ráúndì keje tí kò lè dìde mọ́. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, Hogan Bassey, ọmọ Nàìjíríà bíi tirẹ̀, ti di olúborí àgbáyé nínú ìwọ̀n tirẹ̀ ní Paris lọ́dún 1957. Lọ́dún tó tẹ̀ lé ti Ìbàdàn, Nojim Maiyegun gba idẹ ní Tokyo. Òun ni àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní, nínú eré èyíkéyìí. Àwọn mìíràn ṣì gbà á lẹ́yìn rẹ̀ nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, ní 1972, 1984, 1992 àti 1996.

Láti 1996 títí di òní, kò tún sí. Ó ń dùn mí. Bí ara rẹ bá fẹ́ ẹ, lọ.

Bẹ́líìtìDúdú_Ìfẹ̀

Bàbá, ẹ kú àlàyé. Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mo ṣì rò pé àdánù ni fún wa, mi ò ní sọ nǹkan mìíràn. Àmọ́ Ayọ̀ béèrè nípa ọ̀gá rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn. Èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá ló yẹ kí n sọ ọ́.

Má fi WhatsApp ránṣẹ́ sí i. Má jẹ́ kó gbọ́ lẹ́nu òbí ọmọ kan, má sì jẹ́ kó rí fọ́tò rẹ nínú ìbọ̀wọ́ lórí Instagram kó tó gbọ́ lẹ́nu rẹ. Má sọ ọ́ fún un lójú àwọn ọmọ kíláàsì. Lọ sílé rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Bí bàbá rẹ bá lè tẹ̀ lé ọ, kó tẹ̀ lé ọ, torí ẹrù bàbá rẹ ni ọkùnrin yẹn bá a gbé. Kí bàbá rẹ fi ẹnu ara rẹ̀ dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ìwọ dọ̀bálẹ̀ kí o sọ̀rọ̀.

Má sọ pé o fẹ́ "sinmi díẹ̀". Yóò máa retí rẹ, ìretí yẹn máa ń dun ọ̀gá ju ìdágbére lọ. Sọ pé ò ń lọ, sọ ibi tí ò ń lọ. Má sọ ọ̀rọ̀ àmì àti ìbọ̀sẹ̀ kọ̀ǹpútà tí o sọ fún wa níbí, torí kì í ṣe òun ló ṣòfin. Bó bá bínú, jẹ́ kó bínú. Bó bá dákẹ́, má fi ọ̀rọ̀ dí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà. Kí o tó dìde, bẹ̀ ẹ́ kó gbàdúrà fún ọ, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó fẹ́ gba òmìnira. Ọ̀gá tó bá ti gbé ọwọ́ lé ọ lórí ti gbà.

Àwọn ọmọ Sátidé wọ̀nyẹn ńkọ́? Má fi wọ́n sílẹ̀ lójijì. Mú ẹnì kan nínú àwọn bẹ́líìtì pupa, kọ́ ọ bí o ṣe ń darí kíláàsì, kí o lò ó títí táàmù yìí yóò fi parí. Kóòṣì ní kí o má ṣe taekwondo pọ̀ mọ́ ẹ̀ṣẹ́, mo gbọ́. Èèyàn lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan kó kọ́ ọmọdé láìta ìpá kankan fúnra rẹ̀.

KóòṣìMushin

Mo gbà. Kíkọ́ ọmọdé ò lè pa ọwọ́ rẹ̀ lára. Kó kọ́ wọn tán kó tó wá.

Bísí_Jáàbù

Ọ̀gá Ìfẹ̀, ẹ ṣeun gan-an. Mo fẹ́ kí ọ̀gá tèmi náà ka èyí.

Ayọ̀_Bódìjà

Mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo ti bá bàbá mi sọ ọ́ lálẹ́ àná. Ó ní òun máa tẹ̀ lé mi, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń wá àyè láti lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni a máa lọ. Ọmọbìnrin kan tó ní bẹ́líìtì pupa máa bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi darí kíláàsì láti Sátidé yìí. Ìgbà tí táàmù bá parí ni mo máa forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn akànṣẹ́. Mo ti bi kóòṣì ibẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Àǹtí Títí kọ, èsì rẹ̀ sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ó ní òun ń béèrè fún ìwé àyẹ̀wò dókítà kí òun tó gba ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè kan ló kù. Ìwọ̀n tó wà lábẹ́ 68 kílò ni mo fi ń díje ní taekwondo, mo sì máa ń febi pa ara mi kí n tó dé ibẹ̀, torí ìwọ̀n ara mi gan-an lé díẹ̀ ní 73. Ìwọ̀n wo ni kí n fojú sùn nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn?

Nọ́ọ̀sì_Títí

Má febi pa ara rẹ, má sì fi òùngbẹ pa ara rẹ láti dín ìwọ̀n kù nínú eré tí wọ́n ti ń kan orí. Ara tí kò ní omi tó, ewu ẹ̀ṣẹ́ lórí rẹ̀ pọ̀ jù.

KóòṣìMushin

Ohun tí Àǹtí sọ ni kí o ṣe. Lọ́dún àkọ́kọ́, má wo òṣùwọ̀n rárá. Jẹun, kí ara rẹ fi ara rẹ̀ hàn bó ṣe rí nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, torí èjìká àti ẹ̀yìn rẹ máa nípọn sí i, ìwọ̀n rẹ lè gòkè láìjẹ́ ọ̀rá. Bó bá dúró síbì kan, ibẹ̀ ni ìwọ̀n rẹ. Bá kóòṣì rẹ sọ ọ́ kí ẹ jọ pinnu. Fún báyìí, ra báńdéèjì méjì tó gùn dáadáa, kí o ní èyí tí wàá wé bí o bá ti fọ ìkejì, sì máa fo okùn láràárọ̀ pẹ̀lú àgbọ̀n nílẹ̀. Ráúndì mẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta.